Àmíbà Kì í Rán Ọmọ Níṣẹ́

Ọjọ́kọ́jọ́ tí mo bá gbóòórùn omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sílẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi àbàtà ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Iléṣà ṣe ń rùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà sáyẹ́ǹsì rán èmi àti Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi, lọ bù ú wá sínú ìgò. Ẹrẹ̀ mù wá dé orúnkún. Tíṣà ní inú omi yẹn ni àmíbà ń gbé, ẹ̀dá tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Ẹyọ kan yẹn ló ń rìn, ló ń jẹun, ló ń mí, tó bá sì fẹ́ bímọ, a pín ara rẹ̀ sí méjì, kò sí wàhálà àna.

Máíkírósíkóòpù kan péré la ní. Bí a ṣe gbé omi dé, tíṣà ní kí àwọn ọkùnrin tò síwájú. Àwa obìnrin ńkọ́? Ká nu ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ ta sí, ká wá da ohun tí àwọn ọkùnrin bá yà sójú pátákó kọ. Tíṣà tún fi ẹ̀kọ́ gbè é lẹ́sẹ̀: "Nínú ara èèyàn, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ kiri, ti ojú ń ríran. Aláàárù kì í bá ojú du ìran. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Òwe ìyá mi ni wọ́n ń lò yẹn o. Tí ìyá mi bá pa á nílé, gbogbo wa la jọ ń jẹ ohun tí a bá yọ nínú kèrègbè.

Mo dìde. "Sà, ojú kì í rí kòtò kó má sọ fún ẹsẹ̀. Àmíbà náà kì í sì í rán ọmọ níṣẹ́ kó tó jẹun."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kọ́lá tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ìyá Àmíbà ti dé."

"Ẹnu ẹ mú," ni tíṣà wí. "Bọ́ síta, lọ kúnlẹ̀."

"Màá kúnlẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Tíṣà yà fún mi, mo sì gbé ojú lé máíkírósíkóòpù. Irun ìpéǹpéjú mi ni mo kọ́kọ́ rí, ó ga bí igbó. Nígbà tó yá ni nǹkan kan na ara rẹ̀ síwájú, bí ọbẹ̀ ilá tó ń wá ọ̀nà lórí àwo. Mo pe Fọlákẹ́ kó wá wò ó kí n tó jáde lọ kúnlẹ̀.

Ọ̀gá ni mí báyìí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àbẹ̀rẹ̀. Níbi ìpàdé wa tó kọjá, àwọn ọkùnrin tí a jọ wà nípò ní, "Màdáámú, ẹ bá wa pín ráìsì yẹn, ká lè ráyè dé orí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó." Mo pín in. Mo tún béèrè ẹni tí kò ní ṣíbí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn ni mò ń bínú sí tàbí èmi gan-an. Ọmọbìnrin ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀ yẹn ì bá ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, kí ráìsì máa tutù.