Ọjọ́ Tí Àṣàkẹ́ Ké Kẹ́mísírì fún Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ilé mi ní Ìwó níbí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó kọ́kọ́ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Mo lọ sílé kéwú, mo sì ṣe díẹ̀ ní sùkúùlù kí wọ́n tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́ nídìí àdín. Àdín yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe títí dòní, àdín àti ọṣẹ dúdú. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ibi tí mo bá ti yìn ín, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ o! Ẹ̀rín ló ń rín báyìí.

Mùlíkátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ ni mo ń pè é. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Oko ni bàbá rẹ̀, Sulaimọ̀n ọmọ mi, ń dá ní ẹ̀yìn Kúta. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọ̀lú wá kírun, á sì yà kí wa kó tó padà.

Àṣàkẹ́ wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege nínú kẹ́mísírì. Ẹ wá gbọ́! Tíṣà kẹ́mísírì kan ṣoṣo tí wọ́n ní, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ẹlòmíràn ò sì dé. Wáẹ̀kì ń bọ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti sá kúrò nídìí sáyẹ́ǹsì. Kí ni ọmọ fẹ́ ṣe?

Inú fóònù ló ti wá tíṣà lọ. Fóònù àlòkù ni, ojú rẹ̀ ti sán, àbúrò bàbá rẹ̀ ló fún un. Àwọn tíṣà kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ́ni nínú fídíò.

Ìyá Rìsì, aládùúgbò wa, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn. Bí Sulaimọ̀n ṣe dé ní Jímọ̀ ọjọ́ kan ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà sọ fún un pé Àṣàkẹ́ kì í gbé fóònù sílẹ̀ mọ́. Ó ní òun a sì máa gbọ́ ohùn ọkùnrin níbẹ̀!

Háà! Sulaimọ̀n ò tíì jókòó tó ti ń bínú. Ó ní òun ń gbé fóònù náà lọ sóko lọ́jọ́ náà gan-an. "Ìyá, ṣé ẹ ò rí àwọn ọmọ tí fóònù ti bà jẹ́ ládùúgbò yìí ni?"

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. Kò jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Bàbá, bí ẹ bá gbé e lọ, mi ò ní tíṣà mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, "Sulaimọ̀n, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fún mi láyè di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá fojú sí i. Bí mo bá rí ìwàkíwà, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e fún ọ." Ó kùn, ó kùn, ó sì gbà.

Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nínú ilé ara mi nìyẹn o.

Kí ni mo rí? Bí a bá jókòó tí à ń pa èkùrọ́, Àṣàkẹ́ á fi okùn fóònù sí etí kan, á fi etí kejì sílẹ̀ kó lè gbọ́ mi bí mo bá pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ń pa èkùrọ́, etí rẹ̀ ń gba ẹ̀kọ́. Á pa dátà kí mẹ́sééjì má bàa máa já wọlé. Ó ní òun ti máa ń gba àwọn fídíò náà sílẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Bí ó bá gbọ́ díẹ̀, á dá a dúró, á da ojú fóònù délẹ̀, á sì lọ gbé wàláà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, wàláà! Pákó ìkọ̀wé tó lò nílé kéwú nígbà tó wà ní kékeré. Á ki kálámù bọ tàdáwà, yíǹkì ilé kéwú, á máa kọ ohun tó gbọ́, ètè rẹ̀ á máa mì pẹ́pẹ́.

Ibi tí èmi ti wá ṣàṣìṣe nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ pọnmi. Mo rí wàláà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n kọ nǹkan kún ojú rẹ̀. Orúnkún mi ti ń dùn mí látàárọ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé omi tí a bá fi fọ wàláà tí a kọ Kùránì sí, a kì í dà á nù, ìbùkún ni. Dígí mi ò sí lójú. Mo rò pé ọmọ ń ṣe àtúnkà kéwú rẹ̀ ni. Mo rọra fọ̀ ọ́ sínú igbá, mo ní Bisimillahi, mo mu ún. Mo fi èyí tó kù ra orúnkún.

Àṣàkẹ́ dé. "Màámá, ta ló fọ wàláà mi?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo ti mu ún. Ọlọ́run á fi ṣe ìwòsàn."

Ọmọ lanu sílẹ̀. "Màámá! Kẹ́mísírì lẹ mu yẹn o!"

Ẹ̀rín pa wá! A rín in títí igbá èkùrọ́ fi dànù. Ìyá Rìsì sáré wá wò ó bóyá nǹkan ń ṣe wá. Mo sọ fún un, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi ń kọ ọ́ sí wàláà. Ó ní bí òun bá kàn ń wo fídíò, ńṣe ló máa ń dà bíi pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bí fóònù bá ti kúrò lójú, tí wàláà òfìfo wà níwájú òun, ìgbà náà lòun ń mọ èyí tó wọlé àti èyí tí kò wọlé. Ó ní bí Alfa ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Alfa ò ní fún ọ ní ẹ̀kọ́ tuntun bí o kò bá tíì ké ti àná, wàláà ò sì ṣeé fọ̀ kí ohun tó wà lára rẹ̀ tó wọ orí.

Mo wo ọmọ náà, mo ní hẹ̀n-ẹ́n. Ta ló kọ́ ọ láti so ilé kéwú mọ́ fóònù? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun ló rò ó.

Ẹ̀yìn èyí làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n ní kó wọ ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù, pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa fi ìdáhùn ìdánwò ránṣẹ́. Mo wà nídìí ìkòkò àdín, mo ń gbọ́ wọn. Àṣàkẹ́ ní òun ò wọ̀. Ó ní, "Bí mo bá di nọ́ọ̀sì, tí aláìsàn wà níwájú mi, ta ló máa fi ti ìyẹn ránṣẹ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alfa Kẹ́mísírì!" Títí wọ́n fi dé ojú títì ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣàkẹ́ padà sídìí wàláà rẹ̀.

Jímọ̀ pé. Sulaimọ̀n dé láti mọ́ṣáláṣí, òógùn bò ó, ó mú ike sóbò tútù kan, omi ìṣápá pupa nì, lọ́wọ́. Ó mu díẹ̀, ó ní, "Ìyá, fóònù dà?"

Mo ní kó gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kó fi sápò, kó wá ní kí ọmọ ké ohun tó kọ́ fún un, bí Alfa tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe fún un láyé ọjọ́sí. Ó wò mí, ó wo ọmọ. Ó fi fóònù sápò jàlábíà.

Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí omi eérú bá pàdé àdín tó fi ń di ọṣẹ. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré, ọmọ yìí ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀! Ó ní omi eérú yẹn náà ló máa ń sọ bébà kan tí wọ́n fi ń dán omi wò nínú kẹ́mísírì láti rẹ́ẹ̀dì di búlúù. Ó ń kọ, ó ń sọ, kò kólòlò.

Sulaimọ̀n ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù, ó ní kó ṣí fídíò náà fóun. Ó gbé e sétí bí Alfa ṣe ń wojú Kùránì nígbà tí ọmọ kéwú bá ń ké. Gẹ̀ẹ́sì Sulaimọ̀n ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ rẹ́ẹ̀dì, ó mọ búlúù. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Lójijì, ó gbá itan rẹ̀.

"Ahàá! O ti ṣì í! Ìwọ ní omi eérú ń sọ bébà rẹ́ẹ̀dì di búlúù. Ọkùnrin yìí ní búlúù ló ń sọ di rẹ́ẹ̀dì!"

Mo ní, ó parí, fóònù ti lọ sí Kúta.

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, ẹnu ọkùnrin yẹn ló ṣì í. Èmi náà kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo wá wo ìwé tí wọ́n yá wa ní sùkúùlù, kò bá a mu. Mo wo tíṣà mìíràn, ohun tí ìwé sọ lòun náà sọ."

"Ìwọ wá gbọ́n ju ẹni tó ń kọ́ ọ lọ?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi díẹ̀ nínú sóbò yín."

Ó bu sóbò sínú ife funfun méjì. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó túbọ̀ pọ́n. Ó bu omi eérú tí mo fi ń ṣe ọṣẹ sínú èkejì. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ojú wa níbẹ̀ ni pupa sá lọ, tí sóbò di àwọ̀ ewé! Ó ní omi ọsàn ló ń mú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ́n, omi eérú ń lé pupa lọ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe sí bébà.

Sulaimọ̀n gbé ife náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Sóbò mi nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ta ló wá fẹ́ mu ún?"

Ìyá Rìsì, tó ti yọ́ wọlé wá wòran, ló dáhùn: "Ẹ gbé e fún Ìyá, àwọn ló ń mu kẹ́mísírì nílé yìí!"

Sulaimọ̀n rẹ́rìn-ín wàyí! Nígbà tó dákẹ́, ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá gbogbo ohun tó wà nínú fóònù kọ́ ni òótọ́. Ọmọ ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀, pé bí èèyàn ṣe ń yẹ ọjà wò kó tó rà á lòun ń ṣe sí i. Sulaimọ̀n fi etí jàlábíà nu ojú fóònù, ó nà án sí i. "Gba tíṣà rẹ." Láti ọjọ́ náà títí di ìdánwò, kò sí Jímọ̀ tí kò jókòó gbọ́ kíké rẹ̀.

Ó ti ṣe ìdánwò báyìí. Èsì ò tíì jáde, mi ò sì dúró dè é kí n tó yin ọmọ mi. Ohun tí mo fojú ara mi rí ti tó mi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn máa ja fóònù gbà, ẹ má sì kàn máa wò ó níran. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tó kọ́ níbẹ̀ fún un yín. Bí ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó mọ̀ bó bá ní nǹkan lórí.

Tiyín ńkọ́? Kí làwọn ọmọ yín ń fi fóònù ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ìbáà dùn, ìbáà korò. Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o, kí n lè gbọ́ ọ bí wọ́n bá ń kà á fún mi.