Nígbà Tí Òkúta Bá Wà Lókè

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé òkúta ní Oregun, kò sì tíì kúrò lára mi tán títí dòní. Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa àpáta, wọ́n sì ní kí kálukú wa lọ wá ibi tó ti máa fojú rí iṣẹ́. Àìtí ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ilé àǹtí mi ní Agége ni mo ti ń lọ. Mo rò pé èmi ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n bí sẹ́sẹ̀ àpáta, òkúta wo ló tún kù tó máa dẹ́rù bà mí? Àṣé òkúta tó jókòó yàtọ̀ sí èyí tó dìde dúró.

Òkúta pẹlẹbẹ tó ga ju mí lọ ni wọ́n tò síbẹ̀, tí wọ́n fẹ̀yìn ti irin. Tí ẹ̀rọ bá ń gé wọn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Kéréènì ló ń gbé wọn kiri: ẹ̀mú irin ńlá kan á gbá etí òkúta mú lókè, á sì gbé e kúrò nílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fà sẹ́yìn.

Bàbá Wàídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ló gbà mí. Ó wo bàtà mi tó mọ́ tónítóní, ó rẹ́rìn-ín.

"Yunifásítì, káàbọ̀. Ṣé wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pariwo?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbí, tí òkúta bá ti wà lókè, ẹni tó ń darí ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ariwo lè mú kí ọwọ́ ẹni tó ń wa kéréènì ta gìrì. Tó o bá rí ewu, lóṣòó, kó o káwọ́ lé orí."

Mo wò ó. Nílé wa, bí mo bá ṣèèṣì káwọ́ lé orí, ìyá mi á gbá a sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Ta ló kú?" Mo sọ ọ́ fún un.

"Ìdí tá a ṣe yàn án nìyẹn," ló dá mi lóhùn. "Kò sẹ́ni tó máa fi ṣeré."

Lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, òkúta tó bá le, gránáìtì ni. Èyí tó bá ń dán, mábù ni. Ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gránáìtì ti yọ́ rí nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ débi pé gbogbo horo rẹ̀ wọnú ara wọn, ó lágbára níhà gbogbo. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní náìsì. Ògbólógbòó òkúta ni, tí ooru àti ẹrù ilẹ̀ tẹ̀ títí tí ara rẹ̀ fi yí padà, tó wá di onílà dúdú àti funfun. Máíkà ló máa ń pọ̀ nínú ilà dúdú náà, ohun dídán tó máa ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ibẹ̀ ni òkúta náà ti máa ń là. Mo yege dáadáa nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè pààyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a fẹ́ gbé òkúta tí a máa fi ṣe àtẹ̀gùn ilé màmá kan ní Omole. Òkúta onílà ni. Màmá náà wá fúnra wọn, wọ́n ní ó rẹwà bí aṣọ òfì. A fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè rí àwọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Bùọ̀dá Múfú tó ń wa kéréènì gbé e sókè. Bàbá Wàídì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú rẹ̀ kó má baà máa yí.

Oòrùn mú. Gbogbo ojú òkúta náà gbẹ, àyàfi ilà dúdú kan lábẹ́ ẹ̀mú, láti etí dé etí. Òkúta tó bá ti sán máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ.

Kò dá mi lójú o. Ó lè jẹ́ pé omi lásán ni. Bí mo bá dá wọn dúró lásán, ẹ̀sín ni, wọ́n sì lè kọ̀wé sí ilé ìwé mi. Kí n tún wá káwọ́ lé orí níwájú ẹni tó ń kọ́lé tuntun! Mo wo ọwọ́ Bàbá Wàídì lára òkúta náà. Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó ronú tán.

Mo lóṣòó, mo káwọ́ lé orí.

Bùọ̀dá Múfú rí mi, kéréènì dúró sójú kan. Bàbá Wàídì rọra yíjú.

"Kí lo rí?"

"Ilà dúdú yẹn, sà. Kò gbẹ."

"Ó lè jẹ́ omi lásán."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

Ó gbójú sókè wo ilà náà. Lẹ́yìn náà ló yọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń yọwọ́ lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Òkúta so rọ̀ jẹ́ẹ́.

Màmá Omole pòṣé. "Ṣé ọmọ yìí fẹ́ ba orí ire mi jẹ́ ni?"

Ojú tì mí débi pé mo ń bẹ Ọlọ́run, kí Ó dárí jì mí, pé kí òkúta náà là. Bàbá Wàídì na ọwọ́, ó ní kí Múfú máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìdí rẹ̀ kan igi tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dè é. Ó dún pà. Òkè ṣì wà lẹ́nu ẹ̀mú; ìsàlẹ̀ dúró díẹ̀ bí ẹni ń rò ó, ó sì wó. Ipa bàtà Bàbá Wàídì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ funfun tí omi àti eruku òkúta pò pọ̀, níbi tó dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Òkúta náà bo gbogbo rẹ̀.

"Alihamudulilahi," ni Bàbá Wàídì wí, ó sì jókòó sílẹ̀. Màmá Omole ń pe Jésù, wọn ò dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá Wàídì tó dìde wá bá mi.

"Ó tó, ọmọ mi. Sọ ọwọ́ kalẹ̀."

Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lórí mi.

Èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Bàbá Wàídì gé díẹ̀ lára òkúta náà fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó sì wà lórí tábìlì mi ní yàrá ìdánrawò. Àwọn ọmọ á dárúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn kì í ṣì í. Mo máa ń fún wọn ní máàkì wọn. Lẹ́yìn náà ni mo máa bi wọ́n pé, "Tí wọ́n bá gbé e sókè, níbo lẹ máa dúró?"

Tí mo bá gba Oregun kọjá lọ sí Aláúsá, tí mo sì gbọ́ ìró kéréènì, mo ṣì máa ń gbójú sókè. Bàbá Wàídì ti fẹ̀yìn tì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa ń pè mí lórí fóònù, kì í sì í kọ́kọ́ kí mi.

"Yunifásítì, ṣé ọwọ́ ti wà nílẹ̀?"

"Ó wà nílẹ̀, sà," ni mo máa ń sọ, màá sì wo ọwọ́ mi kó lè dá mi lójú.