Òjò tí kò dé Òkè-Òyì

Òjò náà ń lu páànù débi pé a ò gbọ́ ohùn ara wa. Bó ṣe dá báyìí, bàbá bàbá mi jáde láìwọ bàtà sí àárín àgbàlá wa ní àdúgbò Fate, níbi tó gbé agolo tó fi ń wọn òjò sí. Ó da omi inú rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìlà lára, ó gbé e sókè, ó wò ó. Òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo ilé. "Ó ti tó gbin àgbàdo," ló wí.

Iṣẹ́ wíwọn òjò àti ìdàgbàsókè irúgbìn ló ṣe fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fi í sílẹ̀. Nígbà kan, ó so ọ̀rá bo ewé àgbàdo kan lẹ́yìn ilé. Nígbà tó dọ̀sán, omi ti ń kán sínú ọ̀rá náà. "Wò ó, omi tó mu ló ń mí síta yẹn." Mo gbà pé kò sóhun tí kò mọ̀. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ká sòótọ́.

Lọ́jọ́ òjò yẹn, ó fóònù àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó tó ń dáko ní Òkè-Òyì, pé kó gbin àgbàdo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ò tíì rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa o. Ó kàn kán díẹ̀ ni."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà? Gbìn ín."

"Ó dáa, sà."

Òjò ò padà wá mọ́. Nígbà tí èmi àti bàbá àgbà fi máa dé Òkè-Òyì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ oko ti sán. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wa ilẹ̀. Hóró àgbàdo tó hú jáde ti gbẹ, èèrà ti jẹ inú rẹ̀. Ó wa ibòmíràn, bákan náà ni. Gbogbo irúgbìn tí ìyá opó náà tọ́jú sórí àjà ló wà nínú ilẹ̀ yẹn, àfi kó lọ máa tọrọ òmíràn lọ́wọ́ àwọn ará oko.

Bàbá àgbà ṣí fìlà. N ò rí i rí kó ṣí fìlà fún ẹni tó kéré sí i. "Mo jẹ̀bi. Agolo tèmi ni mo wò, n ò wo ilẹ̀ tìẹ."

"Ẹ dé fìlà yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọdé ń wò wá."

"O kúkú mọ̀ pé kò rọ̀. Kí ló dé tó o fi gbìn ín?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbìn ín."

Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo fóònù. Mo yíjú sí ọ̀nà, mo ń wo àwọn ọ̀kadà tó ń kọjá.

Irú iṣẹ́ yẹn lèmi náà ń ṣe lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń bá wa ṣírò omi tí irúgbìn ń mu. Àwọn àgbẹ̀ máa ń pè mí pé ṣé káwọn gbìn. Tí mo bá bi wọ́n pé báwo ni ilẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín pé ṣebí èmi ni mo kàwé. Ẹ̀rín yẹn máa ń bà mí lẹ́rù. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi, nítorí kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú ìyá náà gbìn. Ó mọ ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ni.