Okùn Ẹ̀yìn Orí Tí Yẹ̀kínì Onífìlà Hun

Yẹ̀kínì onífìlà kì í ṣe aláriwo. Ní Ìmọ̀wò, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdí fìlà híhun ló hewú sí: fìlà Jímọ̀, fìlà àwọn tó ń lọ Mẹ́kà, fìlà ọmọ tuntun. Òun, òwú rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Fatihah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, ló ń bá a gbé.

Nígbà tí Kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, fìlà ò tà mọ́. Ṣùgbọ́n Fatihah ò lè gbélé ní tirẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló ti ń fọlẹ̀, tó ń da ìgbẹ́ àti èébì aláìsàn nù, ìbòmú kì í sì í kúrò lójú rẹ̀ láti àárọ̀ títí tí yóò fi ṣíwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dé, ó tú híjáàbù rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì rí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Rọ́bà ìbòmú ti gé e wọnú ẹran. Ọyún ti ń jáde níbẹ̀.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Ìbòmú ni, Bàbá. Gbogbo àwa tá à ń fọlẹ̀ la rí bẹ́ẹ̀. Ti Ìyá Susannah tiẹ̀ ti là."

Yẹ̀kínì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó fa òwú yọ. Ó hun ọ̀já pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó rán bọ́tìnì sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ní kí ọmọ náà tún híjáàbù rẹ̀ wọ̀, ó gbé e sẹ́yìn orí rẹ̀ lórí híjáàbù náà, ó fi rọ́bà ìbòmú há bọ́tìnì méjèèjì. Fatihah mirí títí.

"Bàbá, kò kan etí mi mọ́ rárá!"

Bí Yẹ̀kínì ṣe hun gbogbo òwú tó kù nílé nìyẹn, kó lè kárí àwọn tó ń fọlẹ̀. Fatihah kó o lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, bàbá tún rí ẹ̀jẹ̀ lára híjáàbù rẹ̀.

"Okùn tí mo hun ńkọ́?"

Fatihah wolẹ̀. "Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ernest, ló gbà á. Wọ́n ní àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló tọ́ sí. Wọ́n gba tèmi náà lórí mi."

"Lórí rẹ?"

"Lórí mi, Bàbá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Yẹ̀kínì gun ọ̀kadà, ó di ọ́fíìsì Ernest. Ọkùnrin náà nìkan ló jókòó síbẹ̀, ó fa ìbòmú sísàlẹ̀ àgbọ̀n, okùn Yẹ̀kínì sì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo hun ohun tẹ́ ẹ fi sọ́rùn yẹn."

"Háà, Bàbá! Ẹ kúuṣẹ́ o. A ṣì máa fẹ́ sí i."

"Àwọn tó ń fọlẹ̀ ni mo hun ún fún."

Ernest rẹ́rìn-ín. "Àwọn kílínà á rí tiwọn tó bá yá. Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ rántí pé ibí lọmọ yín ti ń jẹun."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde, ọ̀wọ̀ tán lẹ́nu Yẹ̀kínì.

"O fi ọmọ mi halẹ̀ mọ́ mi? Ìwọ! Mo ti ń hun fìlà kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ! O ò fi ìbòmú bo imú, okùn wà lọ́rùn rẹ, etí ọmọ mi ń jẹrà! Bọ́ ọ!"

Kò dúró kó bọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ já a kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pariwo pé ẹni tó bá lo okùn òun kó dá a padà. Àwọn nọ́ọ̀sì kan ń tú u, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, a ò mọ̀. A rò pé ọ́fíìsì ló rà á ni." Dókítà kan wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú okùn lórí. Èyí tó rí gbà, ó kó o lọ síbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ó ń fi lé àwọn tó ń fọlẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kárí wọn mọ́.

Fatihah bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ ti lé mi kúrò níṣẹ́!"

"Kò sẹ́ni tó máa lé ọ," ni Ìyá Susannah dáhùn, ó ń fi rọ́bà há bọ́tìnì. "Tí wọ́n bá lé ọ, kí Ernest wá gbé póò fúnra rẹ̀."

Wọn ò lé e lóòótọ́. Wọ́n kàn gbé e lọ sídìí aṣọ fífọ̀, níbi tí ooru pọ̀ sí. Ó pẹ́ kó tó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa.

Kòrónà lọ, fìlà tún ń tà. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà bẹ Yẹ̀kínì pé kó fọwọ́ wọ́nú, torí Ernest fẹjọ́ sùn wọ́n pé ó bú òun sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.

"Ọmọ mi ni Ernest ṣẹ̀, kì í ṣe èmi," ni Yẹ̀kínì wí. "Ọjọ́ tó bá wá bẹ Fatihah ni màá gbàgbé ẹ̀."

Ernest ò tíì wá.