Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ajá Tó Wú

Ọmọbìnrin mi ló ni ajá náà. Nígbà tó rí iṣẹ́ sí Manchester, ó fi í sọ́dọ̀ mi ní Marks Gate, ní London, ó ní oṣù mẹ́ta péré. Èmi tí n kò fẹ́ràn ajá rí, mo wá di ẹni tó ń bá ajá sọ̀rọ̀.

Ní Fúráìdè kan, mo ju eegun adìyẹ sí i. Ní Abẹ́òkúta níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, kí ni ajá ń jẹ bí kò ṣe eegun? Nígbà tó di Sátidé, kò jẹun. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní inú ló ń run ún.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti wú débi pé ojú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ là mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́. Síbẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí wọ́n wàásù.

Nígbà tí mo dé, ajá náà kò jáde wá pàdé mi. Ẹ̀yìn àga ló wà. Wíwú náà ti sọ̀ dé ọ̀fun, mímí rẹ̀ sì ń dún bí ayùn tó ń ré igi. Mo na ọwọ́ sí paracetamol. Ìyá àgbà òdìkejì ilé wa, tí a jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ pa á ni? Ta ló ní oògùn èèyàn ni tajá? Gbé e, ká máa lọ!"

Lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n ká ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì rẹ̀ ti funfun.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí," mo ní.

"Kí ló jẹ?"

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ mi títí mo fi sọ ọ́: "Eegun adìyẹ."

Eegun ti gún èrìgì, ọyún ti kún ibẹ̀. Dókítà ní ká ní a dúró di alẹ́, ọ̀fun rẹ̀ ì bá ti dí pátápátá. Wọ́n gbé e wọlé fún iṣẹ́ abẹ. A jókòó, a ń wo ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó yè é. Eyín mẹ́ta ló bá ọ̀ràn náà lọ.

Mo pe ọmọ mi. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Mummy, ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ rí i?"

"Sátidé."

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wá mú ajá rẹ̀ lọ. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.