Afẹ́fẹ́ Etíkun Tí Bàbá Mi Fẹ́ràn

Wọ́n ti fi ògiri gba etíkun lọ́wọ́ àwa ará Èkó, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè. Lánàá, mo dúró lẹ́yìn ògiri náà, òórùn omi iyọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá wá bá mi, ó sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Ìlá, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá mi ti lọ sí Èkó, a ò sì gbúròó rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí i, ti gbà pé òkun ti gbé e lọ. A ń bó obì lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Ó rù, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà fi ọwọ́ tó rin fún oje obì gbá a mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.

“Àlàbí, kí ló dùn níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi gbàgbé mi?”

“Ìyá, afẹ́fẹ́ etíkun ni. Òun ni gbogbo ará Èkó fẹ́ràn jù. Ẹ lè jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ dìde.”

“Afẹ́fẹ́? Ṣé owó la fi ń ra ti Ìlá ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Ìyá àgbà. Èmi fi ahọ́n lá apá ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi, iyọ̀ òkun sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn, àti pé etíkun nìkan ni kò lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta ibẹ̀, ẹ dá mi lóhùn: níbo lẹ ní kí irú bàbá mi lọ jókòó báyìí?