Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mùjíbátù Fi Ẹnu Kọ́ni Níṣẹ́ Igi

Ọdún mọ́kànlá ni Mùjíbátù Ọládòṣù ti fi ń kọ́ni níṣẹ́ igi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Erunmu. Káfíńtà ni bàbá tó bí i, ìdí tábìlì iṣẹ́ wọn ló sì dàgbà sí. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè mú sùúrù wo ọmọ tó ń ba pákó jẹ́. Bí ayùn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yà kúrò lójú ìlà báyìí, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ máa ń dùn ún wò, àmọ́ ọwọ́ kan náà ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń so igi méjì pọ̀ láìlo ìṣó. Wọn yóò gbẹ́ orí ọ̀kan bí ahọ́n, wọn yóò fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ihò sára èkejì, ahọ́n yóò sì wọ inú ihò náà ṣinṣin. Ó ti kìlọ̀ fún wọn títí: fáìsì ni kí ẹ fi di igi mú, kí ọwọ́ yín méjèèjì sì máa wà lẹ́yìn ẹnu irin.

Ó ku díẹ̀ kí agogo lù nígbà tó rí i pé ihò tí Sanmí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ń gbẹ́ ti wọ́. Ó gba igi náà. Àwọn ọmọ mìíràn ń lo fáìsì méjì tó wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ dúró. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ igi mọ́ tábìlì, ó fi ọ̀tún ti ṣísẹ́ẹ̀lì. Irin yọ̀, ó sì la ìdí àtàǹpàkò rẹ̀.

Fàdìlàt, ọmọ àgbẹ̀ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́, ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó ní kí Sanmí sáré lọ pe ọ̀gá àgbà. Wọ́n rán ọgbẹ́ náà nílé ìwòsàn, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìtìjú dùn ún ju ọgbẹ́ lọ. Ó kọ́kọ́ rò ó pé òun yóò sọ pé irin náà ni kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, tó rí i pé Sanmí ò lè wo ojú òun, ó ní, "Irin yẹn ò ṣe nǹkan kan, Sanmí náà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo kánjú, tí mi ò fi igi sí fáìsì."

Láti ọjọ́ náà, ẹnu ló kù tó fi ń kọ́ wọn. Ó fi Fàdìlàt sídìí tábìlì iwájú, ó ń sọ fún un pé kó má gé orí ìlà, apá tí wọn yóò jù nù ni kó fi ayùn sí. Pákó méjì bàjẹ́ lójú rẹ̀, kò sì rí ohun kan ṣe sí i. Nígbà tó kan ìkẹta, Fàdìlàt béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè fi ọ̀bẹ fa ìlà yìí? Ti pẹ́ńsù ti nípọn jù."

Bí bàbá Mùjíbátù ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn. Mùjíbátù kò fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ náà rí, torí ó rò pé ọwọ́ wọn ò tíì dé ibẹ̀. Ó ní kó fà á.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta parí, iṣẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá wọ ara wọn dáadáa. Ti àwọn márùn-ún yòókù ń mì. Mùjíbátù to gbogbo rẹ̀ sójú fèrèsé. Ọ̀gá àgbà bi í léèrè ìdí tó fi kó èyí tí kò dára mọ́ ọn. Ó dáhùn pé, "Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é, sà."

Ti Sanmí wà lára àwọn tó ń mì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún òmíràn ṣe. Ìyẹn náà ṣì ń mì díẹ̀.